Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣí Ọ́ìlì Fílítà Nípò Lára Ẹ́ńjìnì Ọkọ̀ Asáré

Ìbéèrè kan náà ló ń dé sọ́dọ̀ mi léraléra, pàápàá látọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ Adó-Èkìtì tó ń fi tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì) tàbí mánífóòdù ńlá (páìpù tí èéfín ẹ́ńjìnì ń gbà jáde) sára Honda àti Toyota wọn: "Ọ̀gá, mánífóòdù tuntun ti dí ọ̀nà, ọwọ́ ò wọ ibi fílítà mọ́. Ṣé mo lè gbé e síbòmíràn?" Ẹ lè gbé e. Bí gbogbo ohun èlò bá ti pé nílẹ̀, ọjọ́ kan tó láti ṣe é. Àmọ́ bí họ́ọ̀sì méjì tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí fílítà àti padà sínú ẹ́ńjìnì bá gba ipò ara wọn, ẹ́ńjìnì lè kú kí ẹ tó rí ibi tí ẹ ti pa á. Nítorí náà, ẹ kà á tán kí ẹ tó mú sípánà.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí n sọ ṣáájú. Ọ̀pọ̀ fídíò tí ẹ ń wò lórí iṣẹ́ yìí, títì ìlú òyìnbó ni wọ́n ṣe é fún. Wọ́n á so fílítà mọ́ abẹ́ bọ́ǹpà iwájú, á sì dùn ún wò. Lójú títì tiwa, pẹ̀lú kòtò, gegele àti òkúta tí táyà ń ta sókè, ibẹ̀ gan-an ni ibi tó burú jù tí ẹ lè gbé e sí.

## Ṣé ẹ nílò rẹ̀ lóòótọ́?

Ẹ nílò rẹ̀ bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá bá yín mu:

- Mánífóòdù tàbí páìpù tọ́bò ti gba ibi tí fílítà wà, tàbí ó sún mọ́ ọn débi pé ó ń yan fílítà.
- Ẹ ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì, fílítà sì ń kan ráàkì sítíárìn tàbí irin abẹ́ ẹ́ńjìnì.
- Fílítà wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnì, lójú ògiri tó pààlà láàárín ẹ́ńjìnì àti àwọn èrò, bó ṣe rí lára Honda B16 àti B18, tí ẹ sì ń pààrọ̀ ọ́ìlì lemọ́lemọ́ nítorí eré tí ẹ ń fi ọkọ̀ sá.
- Ẹ fẹ́ fi radiétọ̀ ọ́ìlì kún un lọ́jọ́ iwájú.

Bí Corolla tí ẹ fi ń lọ síbi iṣẹ́ ni, ẹ fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe é. Ṣíṣí fílítà nípò kì í fi agbára kankan kún ẹ́ńjìnì. Ohun tó ń fi kún un ni ojú ìdè mẹ́fà, méje tí ọ́ìlì lè gbà jò, níbi tí ẹyọ kan péré wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ tún wo irú fílítà tí ẹ́ńjìnì yín ń lò. Fílítà alágolo, èyí tí à ń fi ọwọ́ yí mọ́ ara ẹ́ńjìnì, ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún. Àwọn ẹ́ńjìnì kan ń lo bébà inú ilé tirẹ̀: Toyota 2AR-FE àti 2GR-FE, BMW M52 àti M54, Golf VR6. Àwọn yẹn ní ádáptà tiwọn tó yàtọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wẹ́dìn dọ́gbọ́n sí ilé bébà náà fún yín.

## Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Ádáptà: àwo irin roboto tó máa jókòó síbi tí fílítà wà tẹ́lẹ̀, tó ní ẹnu méjì fún họ́ọ̀sì.
- Orí fílítà: irin tí fílítà tuntun máa dè mọ́. Òun náà ní ẹnu méjì, wọ́n máa ń kọ IN àti OUT sí i.
- Họ́ọ̀sì ọ́ìlì tó ń gba ooru, ìwọ̀n AN-10 (nọ́ńbà AN ló ń sọ bí họ́ọ̀sì ṣe tóbi tó), pẹ̀lú fítíǹgì mẹ́rin (ẹnu irin tí à ń fi sí orí họ́ọ̀sì).
- Fílítà tuntun tó bá tíréèdì (ìlà tó yí irin po tí à ń fi dè é) orí fílítà mu (ẹ ó rí ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀).
- Ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ yín sọ, kí ó fi lítà kan ju iye tí ẹ máa ń rà lọ.
- Gééjì pirẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì. Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́, ẹ ò lè ṣe iṣẹ́ yìí láìní i.
- Kílíìpù onírọ́bà, bóòtù 8 mm, nọ́ọ̀tì tí kì í tú fúnra rẹ̀.
- Jáàkì, sítáǹdì méjì, aṣọ mímọ́ tí òwú rẹ̀ kì í já, wáyà kọ́pà tínrín kan.

Ẹni tí kò bá rí gbogbo rẹ̀ ní Adó sábà máa ń ránṣẹ́ sí Ládípọ̀ ní Èkó. Kò burú, àmọ́ ẹ má ra họ́ọ̀sì ọ́ìlì tòkunbọ̀. Ẹ ò lè rí inú rẹ̀, ẹ ò sì mọ irú ẹ́ńjìnì tó kú sí i lórí.

### Ọ̀rọ̀ tíréèdì

Ibí yìí ni owó púpọ̀ ti ń ṣòfò. Ẹ́ńjìnì Honda máa ń lo tíréèdì M20x1.5 (fífẹ̀ 20 mm, 1.5 mm láti ìlà kan sí èkejì). Toyota alágolo, bíi 4A-GE, 3S-GTE àti 2JZ, ń lo 3/4-16 (fífẹ̀ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínǹṣì, ìlà 16 sí ínǹṣì kan). Mitsubishi 4G63 jẹ́ M20x1.5. Ẹ fi nọ́ńbà yìí ra ádáptà, ẹ má fi ojú ra á.

Ní báyìí, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: 3/4-16 jẹ́ 19.05 mm, M20 sì jẹ́ 20 mm. Ìyàtọ̀ wọn kò tó mílímítà kan. Fílítà M20 máa gun irin 3/4-16, á yí, á sì dà bíi pé ó ti le nígbà tí róbà rẹ̀ bá kan irin. Ṣùgbọ́n ètè tíréèdì nìkan ló di ara wọn mú. Ọjọ́ tí ọ́ìlì tútù bá ti pirẹ́ṣọ̀ dé òkè, fílítà á fò dànù, ọ́ìlì á sì tú dà sórí mánífóòdù gbígbóná. Ọ̀rọ̀ iná nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ orí fílítà tí wọ́n ń tà sì jẹ́ 3/4-16, láìka irú ẹ́ńjìnì tí ẹ ní sí. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹni tó ní Honda lè máà lo fílítà Honda mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ yìí. Bí ẹ ṣe máa dán an wò: ẹ yí fílítà lẹ́ẹ̀mẹta sórí irin náà, kí ẹ wá mì í sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń ṣe gbọngbọn, kì í ṣe tirẹ̀. Kí ẹ sì fi máákà kọ nọ́ńbà fílítà tó tọ́ sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, torí mẹkáníìkì mìíràn tó bá bá yín pààrọ̀ ọ́ìlì lọ́la kò ní mọ̀.

### Họ́ọ̀sì

Ihò inú AN-10 tó bíi 14 mm. AN-8, tó jẹ́ bíi 11 mm, lè tó fún ẹ́ńjìnì kékeré tí họ́ọ̀sì rẹ̀ kúrú. AN-6 kéré jù, yóò fún ọ́ìlì lọ́rùn.

Họ́ọ̀sì omi kò ṣeé lò. Họ́ọ̀sì pẹtiróòlù tí wọ́n fi kílíìpù onískúrù dè kò ṣeé lò. Láàárọ̀ kùtù, kí ọ́ìlì tó gbóná, pirẹ́ṣọ̀ rẹ̀ lè kọjá 80 psi (psi ni ìwọ̀n tí gééjì fi ń ka pirẹ́ṣọ̀) bí ẹ bá tẹ tọ́tùlù, ooru rẹ̀ sì lè lé ní 120°C bí ẹ bá ń sá eré gidi.

Àwọn tó ń tẹ họ́ọ̀sì fún kátápílà àti tirákítọ̀ lè bá yín tẹ ẹnu họ́ọ̀sì tó dára, owó rẹ̀ sì lè kéré sí ti òkèèrè. Kí ẹ ṣáà bi wọ́n ní ìbéèrè kan: ooru wo ni họ́ọ̀sì yìí ń gbà? Họ́ọ̀sì háídrólíìkì tó wọ́pọ̀, 100°C ni òpin rẹ̀. Pirẹ́ṣọ̀ rẹ̀ tó, ó tilẹ̀ ju ohun tí ẹ nílò lọ, ṣùgbọ́n róbà inú rẹ̀ á gbẹ, á máa já wẹ́wẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnì. Èyí tó ń gba 150°C ni kí ẹ bèèrè.

## Ibi tí ẹ máa gbé fílítà sí

Ẹ má tíì tú nǹkan kan. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ mú fílítà tuntun àti orí rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ máa gbé e síbí gbé e sọ́hùn-ún.

Ibi tí mo fara mọ́ jù ni ara irin inú fẹ́ńdà, lápá òkè, ní ìhà tí mánífóòdù kò sí. Kí orí fílítà wà lókè, kí fílítà sì rọ̀ sísàlẹ̀. Bó bá wà báyìí, ọ́ìlì kò ní dà nù nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá kú, ẹ ó sì lè tú u láìjẹ́ pé ọ́ìlì ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ yín.

Ibikíbi tí ẹ bá yàn, kí ó yege nínú àwọn wọ̀nyí:

- Kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju irin abẹ́ ẹ́ńjìnì lọ. Ohun tí gegele máa kọ́kọ́ gbá, kí ó má jẹ́ fílítà.
- Kí ó jìnnà sí mánífóòdù àti tọ́bò, ó kéré tán ìbú ọwọ́ méjì. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi páànù dí ooru láàárín wọn.
- Ẹ yí sítíárìn dé òpin lápá méjèèjì, ẹ wo táyà. Lẹ́yìn náà ẹ ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ rí i pé kò kàn án.
- Kí họ́ọ̀sì má ṣe gba iwájú fáànù, bẹ́ẹ̀tì tàbí ṣáàfútù táyà kọjá.
- Kí ọwọ́ àti sípánà wọ ibẹ̀. Ó ṣe tán, torí ìyẹn lẹ ṣe ń ṣe é.

Ẹ tún rántí pé ẹ́ńjìnì máa ń mì, fẹ́ńdà kì í mì. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan jókòó sínú ọkọ̀, kí ó di bíréèkì mú pinpin, kí ó fi jíà sí i, kí ó sì rọra tẹ tọ́tùlù díẹ̀. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe iwájú, ẹ wo bí ẹ́ńjìnì ṣe ń fò. Ẹ́ńjìnì tí ìjókòó róbà rẹ̀ ti rẹ̀ lè yí ju bí ẹ ṣe rò lọ. Họ́ọ̀sì yín gbọ́dọ̀ gùn tó láti bá a lọ bá a bọ̀ láìnà tán-án-tán.

Síbẹ̀, kí ó má gùn jù. Mítà kan họ́ọ̀sì AN-10 ń gba bíi 0.15 lítà ọ́ìlì. Họ́ọ̀sì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 80 cm yóò gba bíi 0.25 lítà, orí fílítà náà á sì gba tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ ra lítà kan lé.

## Ìgbésẹ̀ iṣẹ́

1. Ẹ dá ọkọ̀ dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ tan ẹ́ńjìnì fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọ́ìlì lè rọ̀, ẹ pa á, kí ẹ tú orí bátìrì tó jẹ́ nẹ́gétíìfù.

2. Ẹ fi jáàkì gbé e, kí ẹ fi sítáǹdì gbà á. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ń kọ́lé kì í ṣe sítáǹdì. Ó máa ń fọ́ lójijì láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ẹni tó wà lábẹ́ ọkọ̀ ò sì ní ráyè sá.

3. Ẹ tú ọ́ìlì àtijọ́, ẹ yọ fílítà. Kí ọ́ìlì wọ inú kẹ́ẹ̀gì, kí ó má wọ gọ́tà. Àwọn káfíńtà á fi tayọ̀tayọ̀ gbà á.

4. Ẹ wo róbà fílítà àtijọ́. Ṣé ó bá fílítà jáde, àbí ó lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì? Ẹ fi ìka yín yí ojú irin náà po, ẹ má gbójú lé iná tọ́ọ̀ṣì nìkan. Róbà àtijọ́ lábẹ́ ádáptà tuntun á mú kí ọ́ìlì tú jáde wàì.

5. Ẹ nu ojú irin mọ́, ẹ gbé ádáptà lé e lásán. Ẹ má tíì le é. Ẹ kàn fẹ́ mọ ibi tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì máa kọ sí, kí fítíǹgì má lọ kan búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnì tàbí sẹ́ńsọ̀. Àwọn ẹ́ńjìnì kan ní àwo tí omi fi ń tu ọ́ìlì lára láàárín búlọ́ọ̀kù àti fílítà. Ádáptà máa jókòó lé e lórí, kí ẹ rí i pé bóòtù àárín gùn tó.

6. Ẹ mọ ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà. Mo ya abala kan sọ́tọ̀ fún èyí nísàlẹ̀. Ẹ má ré e kọjá.

7. Ẹ fi ọ́ìlì tuntun pa óríǹgì (róbà roboto) ádáptà, kí ẹ wá dè é. Kí ó le tó bí ìwé rẹ̀ ṣe sọ. Bóòtù àárín yìí ní ihò nínú, ẹni tó bá fi páìpù gígùn fà á á já a sínú ẹ́ńjìnì.

8. Ẹ lu ihò orí fílítà sára fẹ́ńdà. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn irin náà, wáyà iná iwájú sábà máa ń gba ibẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà pa etí ihò kí ìpẹtà má mú un. Bí irin náà bá fẹ́lẹ́, ẹ fi irin pẹlẹbẹ mìíràn tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn. Fílítà tó kún fún ọ́ìlì wúwo, ojú ọ̀nà á sì máa jù ú.

9. Ẹ wọn họ́ọ̀sì, ẹ gé e, ẹ fi fítíǹgì sí i. Ẹ fi téèpù wé ibi tí ẹ fẹ́ gé kí wáyà tí wọ́n hun sára rẹ̀ má tú ká. Ayùn eléyín wẹ́wẹ́ tàbí díìsìkì ni kí ẹ lò, kì í ṣe ọ̀bẹ.

10. Ẹ fọ inú họ́ọ̀sì. Ẹ da pẹtiróòlù mímọ́ sí i, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ dà á nù, ẹ tún un ṣe títí tí ohun tó ń jáde fi mọ́. Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kí ó gbẹ pátápátá, níbi tí iná kò sí. Ẹni tó máa lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà fún afẹ́fẹ́, kí ó ní kí wọ́n tú omi inú táńkì wọn ná, kí ó sì fẹ́ afẹ́fẹ́ náà sára aṣọ funfun kó tó fi kan họ́ọ̀sì. Bí aṣọ bá tutù tàbí tó pọ́n, afẹ́fẹ́ yẹn kò dára.

11. Ẹ dè wọ́n mọ́ra. Sípánà méjì lẹ máa lò, ọ̀kan di ẹnu mú, ọ̀kan ń yí nọ́ọ̀tì, kí ádáptà má bàa bá a yí. Ẹ fi kílíìpù onírọ́bà di họ́ọ̀sì mú níbi méjì, mẹ́ta.

12. Ẹ da ọ́ìlì sínú fílítà tuntun kó kún, ẹ pa róbà rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ dè é. Láti ìgbà tí róbà bá ti kan irin, ẹ yí i sí i ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ó tó. Ẹ da ọ́ìlì tó kù sínú ẹ́ńjìnì.

Nípa ìgbésẹ̀ 10, ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn rèé: họ́ọ̀sì tó ń padà sínú ẹ́ńjìnì wà *lẹ́yìn* fílítà. Kò sí ohun tó máa sẹ́ ìdọ̀tí inú rẹ̀ mọ́. Ẹyọ wáyà kan, ègé róbà kan, tààrà sí bẹ́arìn ni. Bí àkókò bá ń lé yín, ẹ lè fi ìgbésẹ̀ 8 kánjú. Ẹ má fi èyí kánjú.

## Ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà

Ẹ wo ìdí fílítà alágolo èyíkéyìí. Àwọn ihò kéékèèké tó yí etí po ni ọ́ìlì ń gbà *wọlé* sínú fílítà. Ihò ńlá àárín tó ní tíréèdì ló ń gbà *jáde* padà sínú ẹ́ńjìnì. Lẹ́yìn àwọn ihò kéékèèké yẹn, róbà pẹlẹbẹ kan wà tó dà bí ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú nìkan. Bí ẹ bá gbé ọ́ìlì gba àárín wọlé, ilẹ̀kùn yẹn á pa dé. Ọ́ìlì kò ní kọjá, ẹ́ńjìnì á sì máa yí ní gbígbẹ.

Bí ẹ ṣe máa mọ ẹnu tó jẹ́ ti èwo:

1. Lára ádáptà, ẹ ti wáyà kọ́pà bọ ẹnu kan. Bí orí wáyà bá yọ sí kòtò tó yí etí ádáptà po, ẹnu *àtijáde láti ẹ́ńjìnì* nìyẹn. Bó bá yọ sí àárín, ẹnu *ìpadàsẹ́ńjìnì* ni.
2. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà fún orí fílítà. Ẹnu tó yọ sí etí ni IN, èyí tó yọ sí àárín ni OUT. Ẹ má gbára lé ohun tí wọ́n kọ sí i nìkan. Nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú, ó lè jẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ sódì.
3. Ẹ lẹ téèpù pupa mọ́ họ́ọ̀sì tó lọ láti ẹ́ńjìnì sí IN, lórí àti nídìí. Èyí tó ń padà láti OUT, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Gééjì pirẹ́ṣọ̀, ẹ fi sí ìhà ìpadà, kí ó lè máa sọ ohun tí ẹ́ńjìnì ń rí gbà gan-an fún yín. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi í síbi sẹ́ńsọ̀ ọ́ìlì ara búlọ́ọ̀kù, ẹ ṣọ́ra: ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Japan ń lo 1/8 BSPT níbẹ̀, gééjì Amẹ́ríkà sì jẹ́ 1/8 NPT, irú tíréèdì páìpù méjì ni wọ́n. Wọ́n jọra lójú, ọ̀kan jẹ́ tíréèdì 28 sí ínǹṣì kan, èkejì 27. Bí ẹ bá fi agbára mú un wọlé, ẹ ó la búlọ́ọ̀kù.

## Títan ẹ́ńjìnì fún ìgbà àkọ́kọ́

Ẹ so bátìrì padà, ṣùgbọ́n ẹ má tíì tan ọkọ̀. Inú họ́ọ̀sì ṣì kún fún afẹ́fẹ́.

1. Ẹ yọ fíúsì fúẹ́lì pọ́ǹpù àti ti iná púlọ́ọ̀gì. Bí ẹ ò bá mọ èwo ni, ẹ pe rẹ́wáyà yín, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni fún un. Ó sàn kí ẹ yọ púlọ́ọ̀gì jáde pẹ̀lú, kí sítátà lè yí fẹ́rẹ́.
2. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan kí sítátà sinmi. Ẹ wo gééjì.
3. Ẹ tún un ṣe. Abẹ́rẹ́ gééjì yẹ kó gbéra láàárín ìgbà mélòó kan.
4. Bí ẹ bá ti yí i lẹ́ẹ̀marùn-ún tí abẹ́rẹ́ kò mira, ẹ dúró. Ẹ padà lọ wo họ́ọ̀sì, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gba ipò ara wọn. "Ẹ jẹ́ á kàn tan án, ó máa fà á" ni gbólóhùn tó ti pa ẹ́ńjìnì jù.
5. Bí pirẹ́ṣọ̀ bá ti dé, ẹ dá púlọ́ọ̀gì àti fíúsì padà, ẹ tan án. Ẹ má tẹ tọ́tùlù. Kí ẹnì kan wà nídìí kọ́kọ́rọ́, kí ẹnì kejì máa fi iná wo gbogbo ojú ìdè.
6. Bí ẹ bá rí i tó ń kán, ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí kò bá kán, ẹ jẹ́ kó gbóná dé ibi tó máa ń dé.
7. Ẹ pa á, ẹ dúró ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fa gééjì ọ́ìlì tí à ń fà yọ, ẹ fi ọ́ìlì kún un dé àmì òkè.

Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná, ìṣirò tí àwọn eléré ń lò ni 10 psi fún 1,000 RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe òfin, ìwé ọkọ̀ yín ló lọ́rọ̀ ìkẹyìn, ṣùgbọ́n ó dára láti fi mọ ibi tí ẹ wà. Ẹ má sì fi iná ọ́ìlì ara dáṣíbọ́ọ̀dù tan ara yín jẹ. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, iná yẹn kì í tàn títí pirẹ́ṣọ̀ á fi já sí bíi 5 psi. Lórí eré, ẹ ti pẹ́ jù nígbà yẹn.

Ẹ kọ́kọ́ wa á yípo àdúgbò, ẹ padà wálé, ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ lè jáde sí títì tó tẹ́jú nínú ìlú. Ẹ má tíì forí lé Àrámọ̀kọ àti òkè Ẹfọ̀n lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bó ti wù kí ara máa yún yín tó. Ibi tó jìnnà sí mẹkáníìkì kọ́ ló yẹ kí ẹ ti mọ̀ pé nọ́ọ̀tì kan kò le.

## Àṣìṣe tí mo ń rí jù

Téèpù funfun àwọn púlọ́ńbà. Ẹnu AN máa ń fi irin tẹ irin, ẹnu olóríǹgì máa ń fi róbà dí i. Kò sí èyí tó nílò téèpù nínú méjèèjì. Téèpù á já, á wọ ojú ọ̀nà ọ́ìlì. NPT nìkan ló nílò ohun ìdí, kódà fún ìyẹn, èyí tó jẹ́ omi tó ń gan ni kí ẹ lò, díẹ̀, kí ẹ má sì kan tíréèdì méjì àkọ́kọ́.

Gọ́ọ̀mù. Àwa mẹkáníìkì fẹ́ràn gọ́ọ̀mù. Ní ìdí ádáptà, kò sí iṣẹ́ tó ní. Bí óríǹgì bá ń jò, óríǹgì tuntun ló fẹ́.

Họ́ọ̀sì tó ká kọ́ńdọ́. Níbi tí ẹ ò bá ti lè tẹ̀ ẹ́ láìká, ẹ ra fítíǹgì tó ti tẹ̀ ní 45° tàbí 90°.

Wáyà ara họ́ọ̀sì tó ń fi ara ha nǹkan. Họ́ọ̀sì tí wọ́n fi irin hun ara rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bí ayùn. Fún un láàyè, á gé wáyà iná, á gé radiétọ̀, á gé fẹ́ńdà pàápàá. Ẹ gé họ́ọ̀sì omi àtijọ́, ẹ fi bò ó níbi tó bá ti kan nǹkan.

Fílítà tí kò ní ilẹ̀kùn róbà nínú. Bí fílítà bá wà lókè ju ẹ́ńjìnì lọ, tí kò sì ní róbà yẹn, ọ́ìlì á máa ṣàn padà lóru. Láràárọ̀ ni ẹ ó máa gbọ́ kà-kà-kà kí pirẹ́ṣọ̀ tó dé.

## Bí ẹ ò bá fẹ́ gba ọ̀nà họ́ọ̀sì

Kí ẹ tó náwó, ẹ wò ó bóyá ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí á ṣe é:

- Fílítà tó kúrú, tí tíréèdì àti róbà rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu. Fún ẹni tí àlàfo sẹ̀ńtímítà méjì péré ló ń yọ lẹ́nu, ó parí. Ẹ kàn máa pààrọ̀ rẹ̀ kíákíá sí i.
- Ádáptà onígun 90°, tó ń yí ojú fílítà sí ẹ̀gbẹ́ láìlo họ́ọ̀sì kankan. Bí ti ẹ́ńjìnì yín bá wà, òun ni èmi máa kọ́kọ́ rà.
- Bó bá jẹ́ ooru nìkan ni ìṣòro, páànù ìdáàbòbò láàárín mánífóòdù àti fílítà, pẹ̀lú aṣọ tó ń gba iná tí ẹ máa fi wé mánífóòdù.
- Bó bá jẹ́ radiétọ̀ ọ́ìlì lẹ fẹ́, àwo tó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti fílítà wà tí kì í ṣí fílítà nípò. Ẹ ra èyí tó ní tẹmọsítáàtì, torí ọ́ìlì tí kò gbóná tó kò dára, àárọ̀ ọyẹ́ sì ń mú ní òkè Èkìtì.

## Lẹ́yìn iṣẹ́

Lẹ́yìn 100 km, ẹ fi sípánà kan gbogbo nọ́ọ̀tì lẹ́ẹ̀kan. Láti ìgbà náà, ẹ máa wò wọ́n nígbàkigbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì. Erùpẹ̀ pupa wa wúlò níbí: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo fítíǹgì á ti pọ́n lẹ́búlẹ́bú. Èyí tí erùpẹ̀ rẹ̀ bá dúdú tó sì lẹ̀ mọ́ ìka, ibẹ̀ ló ti ń sun. Ẹ nù ún, ẹ le é díẹ̀, ẹ tún wò ó lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Bó bá ṣì ń sun, ẹ tú u, ẹ wo ojú ìtẹ̀ rẹ̀ bóyá ó ti ha. Ẹ má ṣe fi agbára lé agbára lórí ẹnu tó jẹ́ alumíníọ̀mù.

Ara họ́ọ̀sì náà, ẹ máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá tutù. Bó bá ti gan bí igi tàbí tó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ pààrọ̀ méjèèjì pọ̀, kódà bí ẹyọ kan ló bàjẹ́.